Ọjọ́rú Mẹ́fà Lórí Òkè Toquilla

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà

Èmi Belarmino Montaña ni mo ń kọ èyí. Kíláàsì kejì ni mo ka ìwé dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ wá wo oko àlùbọ́sà mi létí adágún Tota, kó ka ebè ibẹ̀ tán kó tó ya ẹnu. Kò sí bàbá tó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi nínú wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé Hersilia, ìyàwó mi, sọ̀kalẹ̀ lọ sí Pajarito, sọ́dọ̀ Eudosia àbúrò rẹ̀. Dókítà ní afẹ́fẹ́ orí òkè wa yìí ti fẹ́lẹ́ jù fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti móoru ló ti lè mí. Mo bi í pé kí ló ba ẹ̀dọ̀fóró obìnrin tí kò mu sìgá rí jẹ́. Ó ní èéfín igi ìdáná ni, ti ogójì ọdún. Sítóòfù gáàsì kan wà nínú yàrá ẹrù wa, èmi ni mo rà á. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n má tàn án, torí mo ní ọbẹ̀ orí gáàsì kì í dùn.

Mo ṣèlérí fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà: gbogbo Ọjọ́rú ni màá máa wá, ọ̀kan ò ní yẹ̀. Òkè Toquilla ló wà láàárín àwa méjèèjì, àkókò òjò àti òtútù rẹ̀ ló sì dé yìí. Màá máa kọ ohun tí mo bá wọ̀ àti ohun tó bá ṣiṣẹ́. Ohun tí mo bá dojú kọ kì í pẹ́ kó tó tẹríba.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Aago márùn-ún ìdájí ni mo gbéra lórí alùpùpù mi. Súwẹ́tà méjì, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, rùánà onírun àgùntàn lórí gbogbo rẹ̀, bí bàbá mi ṣe máa ń da tirẹ̀ bora lórí ẹṣin. Àṣìṣe ni. Ẹṣin kì í sáré tó alùpùpù. Atẹ́gùn wọ abẹ́ rùánà, ó wú bí ìgbòkun, díẹ̀ ló kù kó gbé mi jù sínú ọ̀gbun. Nígbà tí òjò wẹ́wẹ́ bá a, ó wúwo bí àgùntàn tó ni irun náà gan-an.

Ṣùgbọ́n dígí ojú akoto ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo. Bí mo bá pa á dé, èémí mi á bò ó funfun báláú, mi ò ní rí ọ̀nà. Bí mo bá ṣí i, òjò á máa gún mi lójú bí abẹ́rẹ́. Mo nu ún títí, inú ló ń ṣú, kì í ṣe ìta. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń gun alùpùpù. Lónìí, ọkọ̀ tó kó ẹlẹ́dẹ̀ kọjá lára mi lórí òkè.

Hersilia wà lórí àga lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, rọ́bà ọ́síjìn nímú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ tutù bí ẹja adágún."

"Òtútù kankan ò mú mi," mo ní. Eyín mi ń gbá ara wọn.

"Mò ń gbọ́ ìró eyín yín," ó ní.

Wilmer, ọkọ Eudosia, ọmọ ilẹ̀ gbígbóná ni. Ó ní, "Belarmino, jókòó, ó ti rẹ̀ ọ́." Ọ́. Èmi. Ọmọ tí mo fi ogún ọdún jù lọ. Èmi àti Hersilia ti fẹ́ra fún ọdún mọ́kànlélógójì, "ẹ" la máa ń pe ara wa, àní nígbà tí a bá ń jà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ará òkè ṣe ń sọ̀rọ̀. Hersilia rí ojú mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Àlùbọ́sà ti já wálẹ̀, àrọ́bà kan, kílò méjìlá àti ààbọ̀, di ẹgbẹ̀rún méjìlá péṣò. Gálọ̀nù epo kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. Ilé epo ni mo ti pàdé Custodio Plazas. Ẹgbẹ́ mi ni. Alùpùpù rẹ̀ tuntun ju tèmi lọ, kò sì mọ̀ ọ́n gùn tó mi.

"Belarmino, wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ kọjá lára yín lórí òkè."

"Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ò ní dígí lójú."

"Pọ̀tétò ni kẹ́ ẹ gé sí méjì. Ẹ fi ojú tó tutù pa inú dígí yẹn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kò ní ṣú mọ́."

"Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́," mo ní.

Mi ò gbọ́ ọ rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Pọ̀tétò ṣiṣẹ́ títí mo fi dé òkè pátápátá, ibi tí kò sí nǹkan mọ́ ju koríko àti kùrukùru lọ. Níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lójú dígí bí omi ẹ̀kọ. Iná ọkọ̀ kan ń di mẹ́ta. Mo ń yan èyí tó wà láàárín, mo sì ń yà fún un.

Ìka mi kú kí n tó dé abúlé Toquilla. Obìnrin tó ń ta omi panẹ́là gbígbóná, omi ṣúgà ìrèké, fi ife lé mi lọ́wọ́, mi ò lè dì í mú. Òun ló gbé e sí mi lẹ́nu. Mi ò sọ èyí fún Hersilia. Mo sọ fún un pé mo sáré wá ni.

Hersilia jẹ ìdajì ẹyin. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ń bó àlùbọ́sà tó wà létí omi. Mo ní ó ti ń lọ dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gé ike epo ẹ́ńjìnnì méjì, mo fi wáyà so wọ́n síwájú ọwọ́ alùpùpù kí atẹ́gùn má bàa máa nà mí níka. Custodio rí i níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní alùpùpù mi ti hu etí bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Custodio ti so tirẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kedere torí ẹni tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n: ìwé ìròyìn ni ọba aṣọ òtútù. Odindi kan níwájú àyà, odindi kan lẹ́yìn, láàárín súwẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì. Atẹ́gùn ò lè gba ibẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rá, lẹ́yìn náà ìbọ̀sẹ̀ mìíràn, kó tó kan bàtà. Ìbọ̀wọ́ irun àgùntàn, kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ara mi móoru dé Pajarito.

Dígí nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọṣẹ ìfọbọ́ ni mo fi pa á lónìí, ó ta mí lójú, ojú mi pọ́n bíi ti ọ̀mùtí.

Hersilia ń fa ìwé ìròyìn jáde láyà mi, ó ń kà á.

"Wọ́n ní òjò máa rọ̀," ó ní.

"Ìwé oṣù tó kọjá nìyẹn."

"Ó ṣì tọ̀nà."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ di ikọ́, ikọ́ náà ò tán. Eudosia ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Èmi ń ká ìwé ìròyìn, mò ń ká a, ó ti kéré jọjọ mo ṣì ń ká a.

Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, Hersilia ní, "Ẹ sún mọ́ mi, kí n wọn imú yín."

"Kí lẹ fẹ́ fi imú mi ṣe?"

"Ó tóbi. Á gba aṣọ púpọ̀."

Ó ní imú mi àti ẹnu mi ló ń ṣú dígí náà, pé mò ń fi pọ̀tétò fìyà jẹ dígí tí kò ṣẹ̀. Òun máa rán ohun tó máa darí èémí mi sísàlẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Òkè ya lulẹ̀ lójú ọ̀nà lẹ́yìn Toquilla. Ọkọ̀ tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń yí padà, wọ́n ń pariwo sí mi pé, "Bàbá, ẹ padà sílé." Èmi kọ́. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi dúró nínú òjò tí mò ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí mò ń gbé ọ̀kan sílẹ̀, títí katakata fi la ọ̀nà tó tó alùpùpù.

Aago kan kọjá dáadáa kí n tó dé. Ó ṣì wà níta. Eudosia ní ó kọ̀ kò wọlé láti àárọ̀.

"Ṣé ẹ rò pé mi ò ní wá?" mo bi í.

"Ẹ̀yin?" ó ní. "Àní òkè ló máa kọ́kọ́ wó."

Ìṣẹ́jú ogójì péré ni mo ní lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó padà. Ó tó mi. Orí mi wú títí mo fi délé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Keje

Hersilia ti rán ìbomú náà tán lọ́sẹ̀ tó kọjá, Wilmer ló fi rán ọlọ́kọ̀ sí mi. Ègé rùánà àtijọ́ ni, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí òkè rẹ̀ kí n lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú. Òkè rẹ̀ di pa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èémí mi ń gba ọrùn jáde bí èéfín tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Yìnyín wà lórí koríko lónìí. Dígí mi ò ṣú lẹ́ẹ̀kan. Láti ilé dé Pajarito, kò ṣú. Mo rí àwọn igi kúkúrú onírun tó dúró lórí òkè bí àwọn àgbààgbà tó ń ṣèpàdé, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọjá lára wọn láì rí ojú wọn. Mo kọrin. Mo kọjá lára ọkọ̀ mọ́kànlá, mo kà wọ́n.

Mo ní, "Hersilia, a ti ṣẹ́gun òkè."

Ó mi orí. Sílíńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Eudosia pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní ọ̀sán àti òru ló fi rán nǹkan yẹn, pé bó bá gún abẹ́rẹ́ mẹ́ta á sinmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Òjò. Àlùbọ́sà ń jẹrà létí omi. Mo gbé sítóòfù gáàsì jáde, mo se ọbẹ̀ lórí rẹ̀. Adùn rẹ̀ àti ti igi, ọ̀kan náà ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Dígí mọ́. Àyà móoru. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ẹni tó tíì sá a bẹ́ẹ̀ rí ní Aquitania, ìlú wa, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Hersilia ò lè sọ gbólóhùn kan tán láì sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ọjọ́ Màríà Kámẹ́nì, aláàbò àwọn awakọ̀, bọ́ sí Ọjọ́rú tó ń bọ̀, pé àwọn awakọ̀ ti ń fọ ọkọ̀, pé ogún ọdún ló máa pé tí mo ti ń gbé àsíá ṣíwájú àwọn alálùpùpù, pé Custodio ti ń lọ yí ká ìlú, ó ń sọ pé lọ́dún yìí òun ni, torí Belarmino máa wà lọ́dọ̀ ìyàwó.

Ó tẹ́tí. Ó sinmi. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó tún sinmi.

"Ẹ dúró gbé àsíá yín. Èmi ò níbi tí mò ń lọ."

Obìnrin tó mòye ni. Lójú ẹsẹ̀ ló ti rí i pé nǹkan yẹn ṣe pàtàkì sí mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Custodio wá sí oko.

"Belarmino, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àsíá sílẹ̀ fún mi lọ́dún yìí. Ara Hersilia ò yá. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ óò tún gbà á."

"Hersilia fúnra rẹ̀ ló ní kí n dúró."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu."

Custodio wò mí. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà tú ebè àlùbọ́sà mi. Mo ní kó má ba ebè mi jẹ́. Ó lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọjọ́ ńlá. Oòrùn ràn láti àárọ̀, nínú oṣù Keje, ẹni tó bá ní kì í ṣe Màríà ló ṣe é, kó sọ ẹni tó ṣe é. Ọgọ́jọ alùpùpù, mo ka wọ́n. Òdòdó lára gbogbo wọn. Èmi níwájú, àsíá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi darí alùpùpù yí ojúde ṣọ́ọ̀ṣì ká lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ọmọ ogún ọdún tó lè ṣe é. Àlùfáà wọ́n omi sí mi lórí, ó ní kí Màríà máa ṣọ́ mi lójú ọ̀nà.

Àwọn obìnrin tó ń bó àlùbọ́sà ń pàtẹ́wọ́. Custodio wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Kò fun fèrè rárá.

Mo pe fóònù Eudosia ní aago méjìlá, kò lọ. Mo tún pè é ní aago márùn-ún. Kò lọ. Ọ̀la ni màá lọ, mo máa mú ẹja sísun àti díẹ̀ nínú òdòdó ara alùpùpù dání fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Hersilia kú lánàá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ogún

A gbé e gun òkè padà wá sílé lánàá. Ọkọ̀ ló gbé e, mo gun alùpùpù tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n wọ inú ọkọ̀, mo kọ̀. Mi ò wọ ìwé ìròyìn sí àyà. Mi ò wọ nǹkan kan sọ́wọ́. Dígí ṣú láti Toquilla dé ilé, mi ò nu ún. Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà nìkan ni mò ń rí, mo sì ń tẹ̀ lé e.

Ní Toquilla, obìnrin olómi panẹ́là jáde sójú ọ̀nà, ó gbé ife dání. Nígbà tó rí irú ọkọ̀ tó wà níwájú mi, ó tú ife náà sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

Òní la sin ín. Àwọn ènìyàn pọ̀. Bí mo ṣe ní orúkọ tó ní ìlú yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ pọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Eudosia kó ẹrù Hersilia wá. Ó kéré. Mo gbé omi panẹ́là àti wàràkàṣì síwájú rẹ̀. A jókòó.

Mo ní, "Ẹ sọ ọjọ́ náà fún mi."

"Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ sọ ọ́."

Ó yí ife lọ́wọ́ títí.

"Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ní kí n di irun òun. Ó ní kí n fún òun ní ṣẹ́ẹ̀tì búlúù. Ó ní kí n gbé àga síta, kí n kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà tó ń ti òkè bọ̀. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má wá.' Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún wọn. Wọ́n á wá.'"

Mo bu omi panẹ́là kún ife rẹ̀.

"Ní aago kan, mo ní kó wá jẹun. Ó ní òun á dúró kí òun lè bá ọkọ òun jẹ ẹ́. Wilmer ní, 'Ìyá, o ti ní kó má wá, kò ní wá.' Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Wilmer, ẹ ò lóye àwa ará òkè.' Ní aago mẹ́ta ó ní òjò ló máa jẹ́, pé òjò ló dá yín dúró lórí òkè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn."

Mi ò sọ fún Eudosia pé oòrùn ló ràn lórí òkè ní gbogbo ọjọ́ náà. Ó ní òun ń lọ kí bọ́ọ̀sì má bàa fi òun sílẹ̀. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo ìlú ló ń bá mi kẹ́dùn pé mi ò mọ̀. Custodio náà wá lánàá, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ ò mọ̀, Belarmino, ta ló lè mọ̀?" Ó ń sọ ọ́ torí àánú. Kò lè wò mí lójú.

Wilmer lè gba "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu" bí Hersilia ṣe sọ ọ́, kò jẹ̀bi, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti bí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi, bí wọ́n bá fi ọbẹ̀ lọ̀ mí, mo máa ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, ọwọ́ mi á sì ti wà lórí ṣíbí. Nígbà tí mo lọ tọrọ Hersilia lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá náà ní kí n má ṣe ìyọnu wá mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo padà lọ, ìgbà kẹrin ni wọ́n fún mi lágà. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè wa tó mi ní gbogbo etí adágún yìí. Mo ti fi ṣe fáàrí níwájú ènìyàn púpọ̀.

Nítorí náà, mo ń kọ ọ́ síbí, níbi tí mo ti kọ àwọn ọkọ̀ mọ́kànlá tí mo kọjá lára wọn. Ó yé mi. Lọ́jọ́ kẹsàn-án yẹn, lórí ìjókòó tí mo wà níwájú rẹ̀, kó tó tún sinmi, ó ti yé mi pé ó ń bẹ̀ mí pé kí n wá. Mo ní, "Ẹ ṣé o, Hersilia." Mo sì dìde, mo mú akoto mi.